Ẹni Tó Máa Ń Fi Bàtà Gbá Ilẹ̀kùn

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í kan ilẹ̀kùn, bàtà ló fi máa ń gbá a. Ìyá wa á pariwo láti inú ilé pé, "Wèrè, fọ́ ọ tán!" Lọ́jọ́ tí ọmọ ìta kan fọwọ́ gbá mi nídìí ní Amùkòkò, ẹ̀gbọ́n mi lù ú títí àgbọ̀n rẹ̀ fi yẹ̀.

Ó ti fi iṣẹ́ ṣọ́jà sílẹ̀, ó ń já ẹrù ní Liverpool Road, kí ìjọba tó pè é padà fún ogun Làìbéríà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa á, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Ṣọ́jà kan tí wọ́n jọ lọ, tí kì í ṣe Yorùbá, wá kí wa. Ó na fọ́tò sí ìyá wa: "Mama, see where we bury am." Kò mọ̀ pé òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ rẹ̀. Mo gé e jẹ lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dà, mo já fọ́tò náà gbà, mo tì í síta, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Inú bí i. Ó fi bàtà gbá ilẹ̀kùn náà, gbàà!

"Wèrè, fọ́ ọ tán!"

Ìyá wa ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ó ti ń rẹ́rìn-ín lọ sẹ́nu ọ̀nà kó tó rántí.