Àwòrán Méjì Nínú Òdínátọ̀ Tọ́ńtọ́n Básílù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Moríkẹ́, ọmọ àbúrò mi, jókòó, a ń bó ẹ̀pà, fóònù rẹ̀ sì dún tín-ín lórí tábìlì. Ó nu ọwọ́, ó wò ó, ó ní, "Tantí, fóònù ti kún. Ó ní fótò méjì kan wà tó jọra, pé ká pa ọ̀kan rẹ́ kí àyè lè wà." Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ̀pà sì dà sílẹ̀ yàà. Ọmọ náà wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Mo ní kó gbé fóònù sílẹ̀, kó ṣa ẹ̀pà náà. Ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti mọ ẹ̀rù yẹn, ẹ sì jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ tí fótò kò jọ yín lójú mọ́.

Ìbejì ni mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé mi, kò sì lo ọdún kan tó fi padà sẹ́yìn. Ní agboolé wa ní Ifangni, lẹ́bàá bodè, níhà ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, a kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ ṣẹ́gi. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà èwe mi, bí igi bá ti ṣẹ́ lẹ́yìnkùlé, màá yíjú síbẹ̀.

Ìyá mi kò jẹ́ kí ó lọ tán. Bó bá bu oúnjẹ fún mi, á bu díẹ̀ sí àwo kejì. Aṣọ tó bá rán fún mi, méjì ni. Lọ́dọọdún, nígbà tí àgbàdo tuntun bá dé, á wẹ̀ mí, á fi òróró pa mí lára títí màá fi máa dán, á sì mú mi lọ sọ́dọ̀ Tọ́ńtọ́n Básílù, bí àwa ọmọdé ṣe ń pe bàbá ayàwòrán tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò tó ń lọ sí Daagbé. Ẹ̀ẹ̀kan ni Tọ́ńtọ́n máa ń yà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò tẹ̀ mí sórí pépà, yóò lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn, a ó sì rí ọmọbìnrin méjì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ilé tí ìbejì kan ti lọ ṣẹ́gi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìyá mi á gbé e kọ́ ògiri, á bu ẹ̀wà síwájú rẹ̀, bí kò bá sì sí ẹni tó ń wò mí, èmi ni mo máa ń jẹ ẹ̀wà náà.

Lọ́dún tí mo pé mẹ́sàn-án, Tọ́ńtọ́n ta kámẹ́rà àtijọ́ rẹ̀, ó sì gbé kámẹ́rà tuntun àti òdínátọ̀ kan wọlé láti òdì kejì bodè, níbi tí wọ́n ti ń pe òdínátọ̀ ní kọ̀ǹpútà. Orí òdínátọ̀ náà tóbi, ìdí rẹ̀ yọ gọngọ sẹ́yìn, Tọ́ńtọ́n sì fi aṣọ olódòdó bò ó bí ọmọ tuntun. Bó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, á máa rùn bí eruku tí oòrùn pa. Kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà tí Tọ́ńtọ́n kò ní ṣàlàyé rẹ̀ fún, títí kan ẹni tó kàn wá bèèrè ọ̀nà.

Nígbà tó yà mí tán, ó gbé àwòrán ojú mi sójú ẹ̀rọ, ó ń fẹ̀ ẹ́, ó ń fẹ̀ ẹ́, títí ojú mi fi di àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tó tò ti ara wọn, bí ẹní aláràbarà tí èèyàn sún mọ́ jù.

"Ṣé o rí i?" ó ní. "Bọ̀ǹ, ẹ̀rọ yìí ò mọ ojú o. Nọ́ńbà ló mọ̀. Onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe pupa tó, bó ṣe ní àwọ̀ ewé tó, bó ṣe ní àwọ̀ aró tó."

Mo bi í bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ nọ́ńbà nígbà tí kò ní ọwọ́. Ó ní inú rẹ̀ kún fún àwọn àyè kan tó kéré ju ẹyin iná orí lọ, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lè sọ ju ohun méjì lọ: ó wà, tàbí kò sí. Bí a bá to mẹ́jọ irú rẹ̀ tẹ̀ léra, ó tó kọ lẹ́tà kan. Ohùn èèyàn ńkọ́? Ó ní wọ́n á wọn bí ohùn ṣe ń ti afẹ́fẹ́, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà kí èèyàn tó ṣẹ́jú, wọ́n á sọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, nọ́ńbà náà á sì tún di ó wà àti kò sí. Orin, lẹ́tà, ojú èèyàn, nǹkan kan náà ni gbogbo wọn bí wọ́n bá ti wọ ibẹ̀.

Ọmọ mìíràn ì bá rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, òtútù ló mú mi. Ní ilé wa, èmi ni ó wà, Kẹ́hìndé ni kò sí. Ó ṣe mí bíi pé ẹnì kan ti lọ àwa méjèèjì kúnná, ó sì ti dà wá kún inú àpótí yẹn.

Nígbà tí Tọ́ńtọ́n ṣàlàyé tán, ìyá mi ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bó bá ṣe èkejì lójú òun. Ó tẹ bọ́tìnnì, àwòrán mi sì di méjì. Ó kọ Táyé sábẹ́ ọ̀kan, ó kọ Kẹ́hìndé sábẹ́ èkejì. Kúràn, ìyẹn iná mànàmáná, lọ kó tó tẹ̀ wọ́n sórí pépà, ó wá ní ká padà wá lọ́jọ́ Jímọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ́, Sẹ́lẹ́sítì la bá nídìí òdínátọ̀, àbúrò Tọ́ńtọ́n lobìnrin, tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ti kún, òun ló sì ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ palẹ̀ inú rẹ̀ mọ́. Ó wá orúkọ wa. Kẹ́hìndé nìkan ló yọ.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, kò tiẹ̀ gbójú sókè, "fótò kan náà ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti pa Táyé rẹ́."

Ìyá mi di apá mi mú débi pé àpá ìka rẹ̀ wà lára mi títí a fi délé. Èyí bà mí lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ Sẹ́lẹ́sítì lọ. Ìyá mi tó ń bá àwọn duáníè tó ń ṣọ́ bodè fa àpò gààrí mọ́ra wọn lọ́wọ́, òun náà ni ẹ̀rù ń bà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ létí mi pé bí a bá ṣi ìbejì tó lọ ṣẹ́gi ṣe, á padà wá pe ẹnìkejì rẹ̀. Nísinsìnyí, òun ló wà nínú ẹ̀rọ, èmi ni kò sí. Mo gbà pé ikú ti ń bọ̀ wá mú mi. Nílé ẹ̀kọ́, bí olùkọ́ bá pe orúkọ mi, màá dáhùn "pùrẹ́sáǹ" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, sókè, pé mo wà níbẹ̀. Ó ní kí n kúnlẹ̀ nítorí ariwo, inú mi sì dùn, torí a kì í fìyà jẹ ẹni tí kò sí. Mo ń fi ọwọ́ kan àyà mi bóyá ó ṣì ń lù. Mo máa ń wo ojú mi nínú garawa kí n tó bu omi. Lọ́jọ́ kẹta, ibà dé, ara mi gbóná, mo sì ń gbọ́ igi tó ń ṣẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó ń sún mọ́ tòsí.

Ìyá mi kò dúró kí ibà lọ. Ó pọ̀n mí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ mi ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Tọ́ńtọ́n.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ìbejì," Sẹ́lẹ́sítì ní. "Nọ́ńbà kan náà ni. Màá tún ṣe èkejì báyìí, màá kọ Táyé sí i, dakọ́ọ̀? Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Èwo wá ni ọmọ mi nínú méjèèjì?"

"Kò sí èyí tó ju èkejì lọ, mà. Ẹ̀rọ ò mọ ìyàtọ̀ wọn."

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n, ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n, o wá gbé ọwọ́ lé e, o pa á rẹ́."

Tọ́ńtọ́n Básílù dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ikùn rẹ̀ ńlá. Ó ní òun á tún mi yà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá mi ní ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò yà mí, kí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lè dá dúró, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ pé nǹkan kan náà ni.

Mo jókòó, wọ́n yà mí. Ìyá mi wá tẹ̀ síwájú. Kò pààrọ̀ aṣọ mi, kò sì pààrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ mi, nítorí ìbejì kì í múra ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó kàn tún ọrùn aṣọ mi ṣe, ó sì sọ sí mi létí pé, "Jókòó fún ẹnìkejì rẹ." Iná kámẹ́rà kọ yẹ̀rì. Mo bi ara mi pé, bí mo bá dìde báyìí, ta ni yóò dìde? Tọ́ńtọ́n ní ó ti tán, n kò mira. Ìyá mi pe Táyé, mo dì mọ́ àga. Ó tún un pè. Ìgbà kẹta ni mo tó dá a lóhùn, ó sì fà mí kúrò lórí àga náà bí ẹni ń fa ọmọ yọ nínú kànga. Ní ọjọ́ kejì, ibà lọ. Bóyá àgbo ló lé e, bóyá fótò ni, n kò lè sọ.

Ó ti pẹ́. Epo bẹntiróòlù inú ìgò ni wọ́n ń tà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Ikán ti jẹ fótò ara ògiri, ìyá mi náà sì ti lọ. Sẹ́lẹ́sítì ti bá a kó àwòrán méjèèjì sínú dísìkì kan, láti ibẹ̀ ni mo ti ń gbé wọn bọ̀, láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, títí dé fóònù ọmọ yìí. Orúkọ tí Tọ́ńtọ́n kọ sábẹ́ wọn ti jábọ́ lọ́nà, nọ́ńbà gígùn ló kù níbẹ̀. Mo gbọ́ pé ní Tchaada, àwọn ìyá kan ṣì ń ya ọmọ wọn lẹ́ẹ̀mejì, fóònù ni wọ́n kàn ń lò. Ẹ̀rọ ti di pẹlẹbẹ, ó sì ti ń gba nǹkan tí ṣọ́ọ̀bù Tọ́ńtọ́n kò lè gbà láéláé, síbẹ̀ ó wà àti kò sí náà ló ṣì mọ̀.

Moríkẹ́ ṣa ẹ̀pà tán, ó sì gbé fóònù síwájú mi. Ọmọbìnrin méjì, aṣọ kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà, ẹ̀rù kan náà lójú wọn.

"Tantí, èwo ni yín?"

Mo fẹ̀ ẹ́. Mo wá ọrùn aṣọ tí ìyá mi tún ṣe. Mo ń fẹ̀ ẹ́ títí ojú méjèèjì fi di àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké. Ìyá mi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

"N kò mọ̀," mo ní. "Fi méjèèjì sílẹ̀."

Ẹnì kan ń ṣẹ́gi lẹ́yìnkùlé. Mo ní kí Moríkẹ́ pe orúkọ mi. Ojú tì í, nítorí ọmọ kì í pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní orúkọ, ṣùgbọ́n mo ní kó pè é, ó pè é, mo sì dáhùn kíá.