Ibi Tí Mo Tẹ́ Jésù Sí

Ọyẹ́ mú gan-an lówùúrọ̀ Nóẹ̀lì, ọjọ́ ìbí Jésù, lọ́dún kan, nígbà tí mo wà ní kékeré. Kùrukùru bo òkè Ìdáàṣà débi pé a ò rí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ìyá mi fi àdín pa wá lára títí a fi ń dán bí ìkòkò tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà bíi tèmi, ẹ ó rántí òórùn àdín yẹn lára aṣọ ọdún.

Lásìkò yẹn, àwa ọmọdé ló ń kọ́ ilé Jésù síwájú agbolé. Imọ̀ ọ̀pẹ la fi ń ṣe òrùlé rẹ̀, a ó wá fi amọ̀ mọ Màríà àti Jósẹ́fù. Ẹ̀gbọ́n mi Tẹrẹ́sà ló mọ àwọn yẹn, èmi ni wọ́n ní kí n mọ Jésù. Tẹrẹ́sà wò ó, ó ní, "Jésù tìrẹ yìí dà bí àkàrà." Lọ́jọ́ kejì Nóẹ̀lì, katikíísì tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ yóò wá wo ilé Jésù láti agbolé dé agbolé, mo sì fẹ́ kó rí i pé Jésù tèmi wà níbi tó yẹ.

Níbo ló wá yẹ kó wà? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Katikíísì náà kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, Yorùbá inú ìwé ló ń sọ. Ó ní wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí ibùjẹ ẹran. Ẹran tí èmi mọ̀ ni èyí tó wà nínú ọbẹ̀, a kì í sì í sábà rí i jẹ. Mo rò ó títí, ó yé mi: ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹran ni wọ́n tẹ́ Jésù sí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń jẹ ẹran ní Nóẹ̀lì! Kí a tó lọ sí ìsìn míísà, mo yọ́ wọ ilé ìdáná, mo tẹ́ Jésù sínú àwo amọ̀ ńlá tí a fi ń bu ẹran.

Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, kò bá wa lọ. Òrìṣà ilé ni wọ́n ń sìn ní tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn ló máa ń se ọbẹ̀ Nóẹ̀lì, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sè tó wọn. Èéfín kún ilé ìdáná, àwọ̀ kan náà ni Jésù àti àwo ní. Àkùkọ kan ṣoṣo tí bàbá mi pa ni wọ́n dà lé e lórí, tòun tomi ọbẹ̀ gbígbóná.

A dé, a jókòó ti iyán. Bàbá mi fi òkèlè kan sẹ́nu, wọ́n dúró. Nǹkan ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ láàárín eyín wọn.

"Ta ló da yẹ̀pẹ̀ sínú ọbẹ̀?"

Mo wo inú àwo. Ọbẹ̀ ti dà bí omi ọ̀gbàrá. Mo bú sẹ́kún: "Yéè! Jésù mi ti yọ́!"

"Jésù wo?"

"Jésù tó wà nínú ọbẹ̀!"

Ìyá mi ti ń wá pàṣán. Tẹrẹ́sà ń pariwo pé, "A ti jẹ Jésù o!" Ìyá àgbà nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n di ìhà mú. "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Ohun tó gbọ́ ló ṣe." Wọ́n kó ẹran náà jáde, wọ́n fi omi ṣàn án, wọ́n sun ún lórí ẹyin iná, wọ́n gún ata sí i. Títí dòní, n kò tíì jẹ ẹran tó dùn tó o.

Lẹ́yìn náà, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé, síbi ọpọ́n tó ti sán, tí a ń da èèpo iṣu sí fún ewúrẹ́. "Ibùjẹ ẹran nìyí. Ẹran tó ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n ń wí."

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin tí ẹ kì í lọ sí míísà, ta ló sọ fún yín?"

"Mo bímọ, mo sì sin ewúrẹ́. Bí ilé bá kún tí aboyún dé, kí lo fẹ́ kó ṣe? Ewúrẹ́ ló yọ̀ǹda àwo rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ."

Lónìí, Jésù oníke ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń rà láti Kútọnu, iná wínníwínní sì ń tàn yí i ká. N kò bú u, kò kúkú lè yọ́ nínú ọbẹ̀. Ẹran jíjẹ pàápàá kì í ṣe ohun ọdún mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n ìdí tí ọmọ náà fi sùn sórí koríko, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á. Nígbà náà ni mo máa ń sọ ti ọbẹ̀ yẹn fún wọn, àti ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, mo jí, mo mọ Jésù mìíràn. Mo fọ ọpọ́n ewúrẹ́, mo tẹ́ koríko sí i, Tẹrẹ́sà sì bá mi gbé e wọ ilé Jésù, kò sọ̀rọ̀ àkàrà mọ́. Nígbà tí katikíísì dé, ó bá mi níbi tí mo ti ń tẹ́ ewé sílẹ̀, tí mo ń da èèpo iṣu sórí rẹ̀ fún ewúrẹ́ mẹ́ta.

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Wọ́n ti yá Jésù ní àwo wọn, ni mo ṣe ń fi ewé ṣe àwo fún wọn."