Okùn Ìfà fún Ọkọ Mi

Mo sunkún ní ṣọ́ọ̀bù lónìí.

Ṣójà ni ọkọ mi, irin ló sì máa ń gbé láàárọ̀ kí rọpárọsẹ̀ tó mú un. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé ọwọ́ òsì òun máa tó jí.

Yàrá wa ní Eneka há. Mo lọ wá okùn ìfà, rọ́bà tí wọ́n ń fà ṣe eré ìdárayá, tí a lè so mọ́ férémù irin ẹ̀, tí kò ní gba àyè, kí kẹ̀kẹ́ tó ń jókòó sí lè kọjá.

Oríṣi méjì ni wọ́n ní, ti ọwọ́ kan àti ti ọwọ́ méjèèjì. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù.

"Bàbá Tólú, ṣé èyí tí wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì fà ni kí n rà?"

Ó ní:

"Ra ti ọwọ́ kan."

Ọlọ́jà ní, "Madam, wetin happen?" Ẹkún ni mo fi sanwó ti ọwọ́ kan.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo máa sọ fún un tí mo bá wọlé?