Irùngbọ̀n Ọ̀gá Ọkọ̀

Ní èbúté tí Ìyá Òkè ti ń ṣiṣẹ́, ìwé kan ṣoṣo ló fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń jẹun ọ̀sán pa pọ̀, bẹ́ẹ̀ ìdajì wọn ò kà á rí.

Ìyá Òkè kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Òun ló ń wa kíréènì, ẹ̀rọ gíga tó ń gbé kọ̀ntẹ́nà kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi wá sórí ilẹ̀. Láràárọ̀ ló ń gòkè lọ sínú yàrá onígíláàsì kan tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ. Tó bá ti jókòó, á bọ́ bàtà, á fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan tẹ pátákó ẹsẹ̀, nítorí ó ní bàtà kì í jẹ́ kóun mọ̀ bí ara ẹ̀rọ náà ṣe rí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé, ẹrù kankan ò tíì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti fẹ̀yìn tì tán, ìgbáròkó ti ń dun òmíràn nínú wọn, òun ṣì wà lókè.

Ẹni tó bá bi í pé ta ló kì í láyà tó fi gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í fi pa mọ́. Á ní, "Ọ̀gá Ọkọ̀ ni."

Inú ìwé ni Ọ̀gá Ọkọ̀ yìí wà. Nígbà tí Ìyá Òkè wà lọ́mọdé, ilé ìtẹ̀wé ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń mú ìwé tó bá bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ bọ̀ wálé. Lọ́dún tí ìyá rẹ̀ kú, tí òun sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n mú ìwé kan dé tó ń jẹ́ Ọkọ̀ Tó Kọjá Òṣùpá, tí ojú ewé mẹ́rìndínlógún inú rẹ̀ dorí kodò. Ìtàn àròsọ ni, nípa ọkọ̀ òfuurufú kan tó gbé ogójì èèyàn lọ sí ọ̀nà jíjìn réré. Ọkọ̀ náà bàjẹ́ lọ́nà, ilẹ̀kùn tí wọn ì bá gbà sá jáde ò sì ṣí, àfi tí ẹnì kan bá dúró di irin kan mú láti inú. Ọ̀gá Ọkọ̀ ní ọmọ kékeré nílé, síbẹ̀ òun ló dúró. Àwọn yòókù wọ ọkọ̀ kékeré, wọ́n lọ sílé wọn. Ọ̀gá Ọkọ̀ ò padà.

Bàbá ka ìwé náà fún un lákàtúnkà. Tí wọ́n bá dé ibi tó dorí kodò, wọ́n á yí ìwé po, wọ́n á máa kà á lọ. Ọ̀gá Ọkọ̀ dìde. Ó wo aago. Ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù. Ọmọ náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: obìnrin ló rí, obìnrin gíga tó ká ọwọ́ aṣọ dé ìgúnpá. Èdè wa ò kúkú dá a lọ́wọ́ kọ́. "Ó" ni ọkùnrin, "ó" ni obìnrin, "ó" náà ni ewúrẹ́. Ẹni tó kọ ìwé yẹn sì ti fọgbọ́n ṣe é: kò pe Ọ̀gá Ọkọ̀ ní bàbá ẹnikẹ́ni, kò sì pè é ní ìyá.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí wọ́n fi ìwé náà ṣe fíìmù. Ìwé lè kọ "ó" kó sì máa lọ, fíìmù gbọ́dọ̀ mú èèyàn kan. Wọ́n lẹ àwòrán ẹni tí wọ́n mú mọ́ ògiri ẹnu géètì èbúté, gàgàrà ọkùnrin tó dá irùngbọ̀n sí bí búrọ́ọ̀ṣì. Ìyá Òkè dúró wò ó títí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ní kó jọ̀ọ́, kó fún àwọn lọ́nà.

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ẹnu ń ho. Akọ̀wé géètì, tó ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹfà, ní fíìmù ti bà á jẹ́ pátápátá, pé gbogbo ohun tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń rò lọ́kàn ni wọ́n yọ dànù, tí wọ́n wá fi iná àti ariwo dípò. Ọkùnrin tó ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ kékeré tó ń fi irin gbé ẹrù, tí kò ka ìwé kankan láti ìgbà tó ti kúrò nílé ìwé, ló ń gbe fíìmù lẹ́yìn.

"Ojú ewé àádọ́ta ni wọ́n fi ń ṣàlàyé bí ọkọ̀ yẹn ṣe tóbi tó," ó ní. "Nínú fíìmù, mi ò tíì jókòó dáadáa tí mo fi rí i."

"O ò kà á, báwo lo ṣe mọ̀ pé àádọ́ta ni?"

"Ìwọ náà lo sọ fún mi!"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ìyá Òkè ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ n bi yín," ó ní. "Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọkùnrin ni?"

Akọ̀wé fi odindi ìsinmi ọ̀sán mẹ́ta wá a, láti páálí iwájú dé páálí ẹ̀yìn. Kò rí ọkùnrin, kò rí obìnrin.

"Irùngbọ̀n ńkọ́?"

"Màmá, kò sí irùngbọ̀n."

"Bóyá ó ti fá a," oní-fọ́kílíìfù dá sí i.

"Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú," Akọ̀wé ní. "Ìparí ẹ̀ ni. Nínú ìwé, Ọ̀gá Ọkọ̀ ò padà. Nínú fíìmù, ó padà! Ó rìn wọlé, ọmọ ẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ta ló rán wọn níṣẹ́?"

Ìyá Òkè ní òun ò ní wò ó láéláé. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín o. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gòkè, Ọ̀gá Ọkọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ lábẹ́ èémí. Bó bá wá jẹ́ pé ọkùnrin ni láti ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé àṣìṣe ọmọdé lásán ló gbé òun débẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Ọjọ́ Sátidé ni bàbá rẹ̀ pè é. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ojú wọn ò sì ríran mọ́.

"Mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti fi ìwé wa ṣe fíìmù. Mú mi lọ."

"Bàbá, wọ́n ti bà á jẹ́ o."

"O ti wò ó?"

"Rárá."

"Ó ya, lọ múra."

"Ta ló máa wá máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún yín?"

"Ta ló ka ìwé fún ìwọ?"

Ó lọ múra. Nǹkan kan sì wà láàárín wọn tó mú kó ṣòro fún un láti kọ̀. Lọ́jọ́ tó ní òun fẹ́ lọ kọ́ kíréènì, Bàbá ní, "O ò ní gun nǹkan yẹn tí mo bá ṣì wà láyé." Ó gùn ún. Odindi ọdún kan ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìgbà tó bímọ ni wọ́n tó rẹ́, ṣùgbọ́n Bàbá ò bi í léèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, òun náà ò sì sọ. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé nítorí òun jẹ́ obìnrin ni Bàbá ṣe kọ̀, ó sì ń dùn ún títí dòní.

Nínú gbọ̀ngàn fíìmù, ó ń sọ ọ́ sí wọn létí. Wọ́n ti wọ ọkọ̀, Bàbá. Wọ́n ti ń gbéra. Nígbà tí onírùngbọ̀n yẹn wọlé, ó ní, "Ọ̀gá Ọkọ̀ ti dé, ó ti jókòó," inú rẹ̀ sì dùn pé òun rí "ó" sá sí. Àfi ìgbà tí Ọ̀gá Ọkọ̀ lanu sọ̀rọ̀, tí ohùn rẹ̀ ki bí ti ọkùnrin.

"Ta nìyẹn?" Bàbá ò rọra sọ ọ́.

"Ọ̀gá Ọkọ̀ ni, Bàbá."

"Irọ́! Obìnrin ni Ọ̀gá Ọkọ̀!"

Ẹnì kan níwájú ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ẹlòmíì lẹ́yìn ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ, èmi náà, obìnrin ni mo mọ̀ ọ́n sí!" Ẹlòmíì tún ní níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti di fà-á-kí-n-fà-á, títí òṣìṣẹ́ gbọ̀ngàn fi gbé tọ́ọ̀ṣì wá bẹ̀ wọ́n.

Inú Ìyá Òkè dùn débi pé omi lé sí i lójú. Kì í ṣe òun nìkan ló rí i. Ṣùgbọ́n inú dídùn náà ò pẹ́ tí ìbínú fi tẹ̀ lé e.

"Bàbá," ó rọra ní, "tó bá jẹ́ pé obìnrin lẹ̀yin náà rí, tẹ́ ẹ sì ń kà á fún mi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní mi ò gbọ́dọ̀ gun kíréènì?"

Bàbá yíjú sí i.

"Ṣé o ti gbàgbé bó ṣe parí ni?" wọ́n ní. "Kò padà. Ìyá ẹ ti lọ, ìwọ nìkan ló kù fún mi. Mo wá rí i pé èmi gan-an ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọn kì í padà. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ẹ́ bẹ̀, ó wá jáde bí òfin."

Ìyá Òkè fi ọwọ́ lé ọwọ́ wọn.

"Wọ́n ní nínú èyí, ó padà," Bàbá ní. "Ìyẹn ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Tó bá débẹ̀, má sọ nǹkan kan fún mi. Mo fẹ́ fetí ara mi gbọ́ ọ."

Nígbà tó débẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ìró ẹsẹ̀ ń bọ̀, ilẹ̀kùn dún, ọmọ kan figbe ayọ̀ ta. Lẹ́yìn wọn, ẹnì kan ń ráhùn pé wọ́n ti ba ìparí rẹ̀ jẹ́, ẹlòmíì ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló dáa. Ìyá Òkè ò wo onírùngbọ̀n, ojú Bàbá ló ń wò.

Nígbà tí wọ́n jáde sí òòrùn, Bàbá di apá rẹ̀ mú, wọ́n rìn díẹ̀.

"Nǹkan tó ò ń gùn yẹn, ó ga tó báwo?"

"Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, Bàbá."

"Tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀, ṣé o máa ń di irin mú?"

"Mo máa ń dì í mú."

"Ọwọ́ méjèèjì?"

"Ọwọ́ méjèèjì, Bàbá."