Ọjọ́ tí Mo Ṣe Afinimọ̀nà ní Kàtídírà

Olùkọ́ ni mí ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà náà, mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Èkìtì ni mo ti wá. Àsìkò tí owó epo rọ̀bì dé ni, tí ìjọba fi owó kún owó oṣù wa, tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń ra alùpùpù àti rédíò. Oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra ilẹ̀ ti ń ti Èkó dé lójoojúmọ́, wọ́n ń kan èèkàn mọ́ àárín ebè. Èmi ò ra nǹkan kan tó tó wò. Ohùn mi ni mo fi ń yangàn.

Èmi ni ọ̀gá akọrin ìjọ kékeré kan tí kò jìnnà sí ilé-ìwé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọrin níbẹ̀, ìyá ìjọ pè mí sápá kan, ó ní, "Tíṣà, níbo lẹ ti kọ́ orin tó dùn báyìí?"

Ìyá mi ló kọ́ mi, nídìí ọlọ, níbi tó ti ń lọ ata. Kò mọ̀wé. Etí ló fi gbọ́ gbogbo orin ìjọ wa, etí náà ni mo fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí mo fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi. Kí n tó mọ̀, mo ti dáhùn pé, "Kàtídírà ńlá tó wà ní Màrínà ni, Mà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá wọn kọrin."

Mi ò wọ inú kàtídírà yẹn rí. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rí ilé ìṣọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mò ń lọ gba ìwé iṣẹ́ mi.

Irọ́ kì í dá gbé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní akọrin kàtídírà. Bí ẹnìkan bá ṣi orin kọ, mo máa ń sọ pé, "Ní kàtídírà, a kì í kọ ọ́ báyìí." Ọmọbìnrin aránṣọ kan wà láàrin wa tí ohùn rẹ̀ ga jù lọ, òun ló fẹ́ràn ìtàn yẹn jù. Òun náà ló dá a sílẹ̀, lẹ́yìn Àjíǹde ọdún kan, pé kí gbogbo wa lọ wo kàtídírà, kí Tíṣà ṣe afinimọ̀nà wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n háyà bọ́ọ̀sì kan. Ní àárọ̀ Sátidé tí à ń lọ, bí mo ṣe ń ka orí àwọn èèyàn, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ birikìlà wá bá mi. Ará Ìbàdàn ni, Mùsùlùmí ni, òun ló mọ ògiri kíláàsì tí mo ti ń kọ́ni, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ mi níbẹ̀. Ó wọ bùbá funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, tí àyè bá wà, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ."

"Bàbá, kàtídírà là ń lọ o."

"Mo gbọ́. Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe wá."

Mo fẹ́ sọ pé kò sí àyè. Ìyá ìjọ ló yọ orí jáde lójú fèrèsé pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé jàre, àyè wà lẹ́yìn." Bó ṣe di ara wa nìyẹn.

A gba Dópèmú já sí ọ̀nà Agége, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi ń tún ìtàn mi tò lọ́kàn. Nígbà tí a dé Màrínà, àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì wá tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò já ẹrù wọn. Kàtídírà náà dojú kọ omi. Òkúta rẹ̀ ti di dúdú díẹ̀díẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà. Ó ga ju bí mo ṣe rò lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, bàbá birikìlà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi í sí abíyá. Mo rí i pé àwọn kan ń wò wá láti inú ọgbà. Mo ní, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè gbọ́, "Bàbá, ẹ wọ bàtà yín jàre. Ẹ ò sí ní mọ́ṣáláṣí!"

Àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà ní, "Ẹ má bínú," ó sì wọ bàtà rẹ̀ padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Inú ilé náà tutù. Oòrùn gba ara gíláàsì aláràbarà wọlé, ó ta àwọ̀ pupa àti búlúù sí ara àwọn àga gígùn. Gbogbo wa gbójú sókè, à ń wò ó. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ fa àbúrò rẹ̀ tó mú dání wá sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní, "Tíṣà, ibo lẹ máa ń dúró sí tí ẹ bá ń kọrin?"

Mo nawọ́ sókè, lẹ́yìn wa. "Òkè yẹn ni. Lábẹ́ dùùrù ńlá."

"Ẹ jẹ́ ká gòkè ká wò ó!"

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára ògiri. Mo rò ó pé bóyá àtẹ̀gùn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣáájú wọn, mo ní, "Ibí là ń gbà," mo sì ṣí i.

Ìgbálẹ̀ ni mo rí, àti korobá méjì, àti àkísà tí wọ́n fi ń nulẹ̀.

"Wọ́n ti yí i padà," mo ní. Ohùn mi ò dún bí ohùn mi mọ́.

Ọkùnrin àgbà kan tó wọ aṣọ dúdú gbọọrọ, tó ń tọ́jú ilé náà, ti dé ẹ̀yìn wa. Ó béèrè ohun tí à ń wá. Aránṣọ fi ayọ̀ dá a lóhùn pé, "Tíṣà wa ti kọrin níbí rí, Sà. Ọdún mẹ́ta!"

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ mi. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà wo nìyẹn?"

Mo dárúkọ ọdún kan.

"Ta ni ọ̀gá yín nígbà náà?"

"Òyìnbó kan ni."

"Òyìnbó kẹ̀? Lọ́dún yẹn?" Kò pariwo, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ń sọ ohun tó mọ̀. "Ọmọ Yorùbá ló wà níbẹ̀. Àwọn akọrin ò sì dúró lókè rí. Iwájú lọ́hùn-ún ni wọ́n ń jókòó, nítòsí pẹpẹ."

Mo rí ojú aránṣọ. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí pé mo máa sọ nǹkan kan tí gbogbo ẹ̀ á fi tò. Àbúrò rẹ̀ bojú wolẹ̀.

Bàbá birikìlà ló gbà mí là. Ó kọjá níwájú mi, ó ní, "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ògiri ìhà ọ̀sà yìí, ṣé omi òjò ṣì ń gba ibẹ̀ wọlé?"

Ọkùnrin náà yí sí i. "Ta ló sọ fún yín pé omi ń gba ibẹ̀?"

"Mo wà lára àwọn tó mọ ọ́n. Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà náà. Ọ̀gá wa sọ fún wọn pé ihò ṣì wà lókè, wọn ò gbọ́."

Ọkùnrin aláṣọ dúdú dì mọ́ ọn. Wọ́n jọ lọ sídìí ògiri náà, gbogbo ẹgbẹ́ tẹ̀ lé wọn. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ pa òkúta náà, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbé e, ẹni tí òkúta já lu lẹ́sẹ̀, orin tí wọ́n fi ń fa okùn. Èmi nìkan ló kù lẹ́nu yàrá ìgbálẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí à ń padà, kò sẹ́ni tó kọrin. Ìyá ìjọ ń pín búrẹ́dì àti àkàrà; ó na tèmi sí mi láì wò mí. Ẹ̀gbẹ́ bàbá birikìlà nìkan ni àyè wà, mo jókòó síbẹ̀. Nígbà tí a kọjá Ìkẹjà ni mo yí sí i.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti nawọ́ sókè."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ ọmọ-ọmọ mi. Tí mo bá tú àṣírí yín níwájú èèyàn, báwo ló ṣe máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu?"

Mo tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ bàtà lọ́wọ́ rẹ̀. Wúyẹ́wúyẹ́ ni mo sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. Ó ní ó ti tán. Gbangba ni mo ti bú bàbá yẹn, ìkọ̀kọ̀ ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Lónìí tí mo ti dàgbà tó báyìí, ibẹ̀ ló ń dùn mí jù, ó dùn mí ju irọ́ náà lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, níbi ìdánrawò, mo dúró níwájú àwọn akọrin, mo jẹ́wọ́. Àwọn kan ní kò burú. Aránṣọ dìde, ó ní, "Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù mi, Tíṣà. Gbogbo wọn." Ó ká ìwé orin rẹ̀, ó lọ, kò sì padà wá mọ́.

Mi ò lọ sí ìjọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá ìjọ ló wá bá mi nílé. Kò jókòó, kò sì gba omi. Ó ní, "Ìkórè ti sún mọ́lé, a ò ní ẹlòmíràn. Ẹ bọ̀." Mo tẹ̀ lé e. A kọrin, orin náà ò dùn tó ti tẹ́lẹ̀, nítorí ohùn òkè kò sí.

Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan ní Ìgándò. Mo lọ kí bàbá birikìlà pé ó dàbọ̀. Mo bá yàrá rẹ̀ ní títì. Obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sọ fún mi pé ó ti kó padà sí Ìbàdàn láti oṣù tó kọjá, ó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ti kúrò ní kíláàsì mi, dání. Mo dúró díẹ̀ lójúde, mo kí obìnrin náà, mo sì bá tèmi lọ.