Ògiri Tí Ìlà Rẹ̀ Tín-ín-rín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò fẹ́ kúrò ní Ajégúnlẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọkọ rẹ̀ kọ́ kó tó kú ló ń gbé, òkè ló sì ń sùn. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ó ní ká wó ògiri kan nísàlẹ̀, ká sọ yàrá kékeré méjì di ọ̀kan fún òun.

“Inú ilé ọkọ mi ni mo fẹ́ kú sí,” ló wí. “Ẹ má gbé mi lọ síbì kankan.”

Ọmọ mi ọkùnrin, tó ń ya àwòrán ilé ní ọ́fíìsì kan ní Wharf Road, ló ya ti ilé náà. Ògiri méjì ló wà láàárín ìsàlẹ̀ ilé náà. Ọ̀kan ló gbé òkè dúró. Èkejì kàn pín yàrá ni. Ó fi ìlà tó nípọn ya ti àkọ́kọ́, ó fi ìlà tín-ín-rín ya èkejì, ó sọ ọ́ di PDF, ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù bíríkìlà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó pè é.

“Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ìlà rẹ̀ tín-ín-rín nìkan ni kẹ́ ẹ wó o.”

“No shaking,” ni bíríkìlà dáhùn.

Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwòrán ní Àpápá, pẹ́ẹ̀nì la fi ń pín ìlà: ọ̀kan fún èyí tó nípọn, òmíràn fún èyí tó tín-ín-rín. Bí yíǹkì bá ti gbẹ, ó tán nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè sọ ìlà tó sanra di pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́. Mo ṣì ń rántí òórùn yíǹkì yẹn, àti fèrèsé tí a ti ń wo ọkọ̀ ojú omi. Lónìí, àwọ̀ ni wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ìlà pupa ló nípọn, aláwọ̀ ewé ló tín-ín-rín, fáìlì kékeré kan ló sì mọ ìtumọ̀ àwọ̀ wọ̀nyẹn. Bí fáìlì náà kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà, gbogbo ìlà á jáde nínú PDF bákan náà, bí irun. Kọ̀ǹpútà tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fún ọmọ mi. Fáìlì náà wà lórí ti àtijọ́. Pupa ṣì ń pọ́n lójú kọ̀ǹpútà tuntun náà, ọmọ mi kò ṣí PDF wò, kò sì fura.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté Tin Can dí ọ̀nà, mo bá fẹsẹ̀ rìn. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ òòlù. Nígbà tí mo wọlé, ìdajì ògiri tó gbé òkè dúró ti wà nílẹ̀.

“Ẹ dúró! Ẹ dúró!”

“Bàbá, ẹ má pariwo mọ́ mi. Na so dem draw am o.” Bíríkìlà na ìwé tó tẹ̀ jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà sí mi. “Èwo ló nípọn níbẹ̀? Ẹ fi hàn mí. Gbogbo ẹ̀ ló tín-ín-rín. Mo ní méjèèjì lẹ fẹ́ ká wó, mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.”

Mo wo ìwé náà. Bí irun ni gbogbo ìlà rẹ̀ rí.

Kọnkéré òkè ti ń sán. Ẹ̀gbọ́n mi sì wà lókè. Lébìrà méjì sáré gòkè, wọ́n fi àga gbé e sọ̀ kalẹ̀.

“Mama, you heavy pass cement o!” ni ọ̀kan wí, òógùn bò ó.

“Ìwọ gan-an ni sìmẹ́ǹtì. Rọra jàre!”

A fi igi ti òkè náà, ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀. Ẹnjiníà tó wá wò ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé mọ́, gbogbo rẹ̀ ló máa di wíwó. Wọ́n sì wó o.

Ọmọ mi wá fáìlì náà rí, ó tún PDF náà ṣe, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Ìlà tó nípọn nípọn dáadáa. N kò fi han ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ̀ mi ní Àpápá ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé báyìí. Kò tíì tú ẹrù rẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ mi máa ń wá dọ̀bálẹ̀ kí i. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń dá a lóhùn, ó sì máa ń gbàdúrà fún un pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kì í wo ojú rẹ̀.