Mo Kúnlẹ̀ Sórí Kọnkéré Tútù

Orúnkún mi méjèèjì ti ba kọnkéré Mọ́mì jẹ́ lónìí.

Bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ àwòrán ewé sára ẹ̀ nínú ọgbà òdòdó wa ni. Mọ́mì ní kí n jókòó tì í, kí adìẹ má gba orí ẹ̀ kọjá.

Ẹ̀gbọ́n Dádì bá wọlé. Kí n tó ronú, mo ti kúnlẹ̀ sínú kọnkéré náà láti kí wọn.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ọmọ dáadáa! O ti wọ yunifásítì! Gbogbo ibi tó o bá tẹ̀ á rọ̀ fún ẹ."

"Àmín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kọnkéré..."

"Ṣe àmín, jàre!"

Àdúrà yẹn gùn, mo sì ń rì.

Bíríkìlà ti padà sí Dei-Dei, mo pè é títí, kò gbé fóònù. Kọnkéré ti ń le. Mọ́mì ò ní pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa dìde kí àgbà tó ṣàdúrà tán?